Okùn Inú Ìlẹ̀kẹ̀

Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀ ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, kí wọ́n lè ṣàdúrà fún un. Bó ṣe tẹ orí ba báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já. Gbogbo rẹ̀ tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ ń ta pàrà lórí táìlì bí òjò lórí páànù, wọ́n ń yí gbirigbiri wọ abẹ́ àga. Alága ìjókòó, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, dá orin sílẹ̀, ó ní ire ló tú ká kárí ilé, àwọn ènìyàn gbè é, ayẹyẹ sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá ìyàwó. Èmi ni mo sín ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, mo sì ti gbowó rẹ̀.

Mo ṣa okùn tó já náà, mo mú un lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, sọ́dọ̀ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbẹ̀. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó wo ẹnu rẹ̀ títí.

"Ọmọ mi, wò ó," ó ní. "Okùn ike tí wọ́n bá fà já, ẹnu rẹ̀ á fà gùn, á tín-ín-rín. Èyí mọ́ lẹ́nu. Wọ́n gé e ni."

Mo ní, "Ta ló gé e, Mọ̀mọ́?"

Ó nawọ́ sí abọ́ tí mo kó àwọn ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ sí. "Àwọn wọ̀nyí."

Láti ọjọ́ náà ni ojú tí mo fi ń wo ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ti yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni à ń tọ́jú. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ní wàhálà. Bí a kò bá là á mọ́ òkúta, yóò pẹ́ láyé ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Okùn inú rẹ̀ tí ojú kì í rí ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí a ṣe ń sín in, bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, orí okùn ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí okùn, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú ihò tí okùn ń gbà kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ ń gbé.

Gíláàsì, tí àwọn mìíràn ń pè ní dígí, iyanrìn ló ti wá. Iyanrìn nìkan kì í yọ́ bọ̀rọ̀: iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, èyí tí iná alágbẹ̀dẹ kò lè dé. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe é láyé ijọ́un fi máa ń pò ó mọ́ ohun tí yóò jẹ́ kó tètè yọ́. Ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti Yúróòpù, eérú ewéko tàbí iyọ̀ ilẹ̀ kan ni wọ́n ń lò. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà.

Ibì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní 1910, ó sì rí àwọn ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ nínú. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, wa ilẹ̀ ibẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ṣe ń wà á. Ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí lé ní 12,000 ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì tó lé ní 800. Nígbà tí wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti àlùmíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti gíláàsì ilẹ̀ òkèèrè lọ, ó sì bá irú òkúta àti iyanrìn tó wà ní agbègbè Ifẹ̀ mu. Àárín ọ̀rúndún 11 sí ọ̀rúndún 15 ni iṣẹ́ náà gbóná jù níbẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn baba wa kò dúró de ọkọ̀ ojú omi Pọtogí kí wọ́n tó mọ gíláàsì. Wọ́n ń yọ́ ọ fúnra wọn, ìlẹ̀kẹ̀ irú gíláàsì yìí sì ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao ní orílẹ̀-èdè Mali àti ní Igbo-Ukwu. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, nítorí ó dùn mí pé púpọ̀ nínú wọn gbà pé òyìnbó ló mú ìlẹ̀kẹ̀ wá.

Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí a fi ń dárúkọ ọmọ (ẹ rántí Sẹ̀gilọlá), nínú ìran gíláàsì yìí ló wà. Kóbáàtì ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ ni a óò fi sínú iná, gbogbo ìkòkò á sì di aró. Orúkọ Olókun tí igbó náà ń jẹ́ kì í ṣe lásán. Òrìṣà òkun, olówó, onílẹ̀kẹ̀, ni. Àwọn ará Ogun Waterside tí ilé wọn kọjú sí òkun kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ihò fi ń wọ inú ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ okùn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kìíní, wọ́n á fa gíláàsì yíyọ́ gùn bí ọ̀pá tí ihò wà láàrin rẹ̀, wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá. Báyìí ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí à ń rà ní ìdì, tó ń ti Ṣáínà, Íńdíà, Japan àti orílẹ̀-èdè Czech wá, ṣe ń dáyé. Ibi tí wọ́n gé máa ń mú bí abẹ. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe á dá wọn padà sínú iná, á máa yí wọn kiri títí ẹnu wọn á fi yọ̀. Èyí tó bá fẹ́ rí owó kíákíá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì, wọ́n á wé gíláàsì yíyọ́ mọ́ ọ̀pá irin tín-ín-rín tí wọ́n ti fi amọ̀ kùn. Iṣẹ́ àwọn Masagá ní Bìdá nìyẹn. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n láàrin àwọn Nupe, ìgò ọtí àti ìgò oògùn tí ènìyàn ti jù nù ni wọ́n ń yọ́ nínú iléru, ẹnìkan á máa fẹ́ ẹwìrì, ẹnìkan á máa yí irin. Ìlẹ̀kẹ̀ wíwé máa ń dán nínú ihò, ṣùgbọ́n amọ̀ tó kù nínú rẹ̀ máa ń rí bí iyanrìn. Bí a kò bá fi abẹ́rẹ́ àti omi yọ ọ́ kúrò, yóò máa rin okùn bí ẹni ń fi sáńdípépà rin ín.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn Krobo ní ilẹ̀ Gánà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Wọ́n á gún ìgò tó fọ́ títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á dà á sínú ihò kéékèèké lára amọ̀ tí wọ́n ti fi amọ̀ funfun pa nínú kí gíláàsì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á wá ki ẹsẹ̀ ewé pákí bọ àárín. Nígbà tí iná bá mú un, gíláàsì á lẹ̀ mọ́ra, ẹsẹ̀ ewé á jóná, ihò á kù síbẹ̀. Pákí tí à ń fi ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú náà ni.

Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, gíláàsì kò gbọ́dọ̀ tutù lójijì. Ara òde á tètè le nígbà tí inú ṣì gbóná, àwọn méjèèjì á wá máa fa ara wọn. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ lè dán lójú, kó sì fọ́ lọ́jọ́ kan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Inú eérú gbígbóná tàbí inú iléru tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí títí á fi tutù.

Kí ẹ tó sín nǹkan, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjà, gbogbo ohun tó pupa ni wọ́n ń pè ní iyùn. Iyùn gidi láti inú òkun ti wá, ara rẹ̀ rọ̀ ju gíláàsì lọ, òróńbó àti ọtí kíkan lè jẹ ẹ́ lójú. Gíláàsì kò bìkítà fún òróńbó. Fi ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ètè: gíláàsì àti òkúta á tutù wá síni lẹ́nu, ike kò ní tutù. Fi méjì nínú wọn lu ara wọn: gíláàsì á dún kíkan, ike á dún bí ẹni kan ìgò omi òfìfo. Ohun mìíràn tún wà tí mo ń ṣe fún gbogbo ìdì tuntun. Mo máa ń rẹ òwú díẹ̀ sínú omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, mo á fi nu ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí òwú bá di pupa tàbí aró, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ìlẹ̀kẹ̀ náà, kì í ṣe àwọ̀ inú gíláàsì. Mi ò sọ pé kí ẹ má lò ó o. Ṣùgbọ́n òógùn ọjọ́ kan lè ta á sára aṣọ òfì funfun, ẹni tó ń rà á sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ kó tó sanwó.

Okùn wá ń kọ́?

Òwú ni àwọn ìyá wa fi ń sín bẹ̀bẹ̀ àti jìgìdá, wọ́n á fi ìda pa á kó lè le, kó sì má tètè mumi. Òwú dára lára, kì í gé ènìyàn. Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń jẹrà láti inú wá, a ò sì ní mọ̀. Rọ́bà tó ń fà gùn rọrùn fún ọmọdé láti wọ̀ àti láti bọ́, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó rọ̀. Mi ò ní fi sín ohun tí ènìyàn fẹ́ lò lọ́dún méjì. Wáyà wẹ́wẹ́ oníke lára ló lágbára jù fún ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni okùn ike tí àwọn apẹja ń lò. Mo lọ sí Ìwòpin lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ ra ẹja. Mo jókòó ti àgbà apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà, mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé okùn ti gbó. Baba mú okùn kan tó ti wà lóòrùn pẹ́, ó ká a mọ́ ìka méjì, ó tẹ̀ ẹ́ kọ̀rọ̀. Ó funfun níbi tó ti tẹ̀ ẹ́, bí ẹni fi èékánná ya ike. Ó mú tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Ó padà sí bó ṣe wà. "Oòrùn ti jẹ èyí," ó ní. "Ẹja ńlá kan ló kù fún un." Ohun tó sọ yẹn ni mo ń lò títí dòní fún ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá gbé wá fún mi láti tún ṣe: mo á wá ibi tí okùn ti yọjú lẹ́bàá ìkọ́, mo á tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá funfun, kò sí ohun tí à ń tún ṣe níbẹ̀ mọ́, kí a tú u, kí a tún un sín ni.

Ó tún fi ìwọ̀ ẹja hàn mí tó ti dípẹtà tán. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ló fà á. Ẹni tó ń gbé ní Àbígi, Makun-Omi tàbí ibikíbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, kó má ra ìkọ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kàn fi góòlù pa lójú. Kó ra irin tí kì í dípẹtà, tàbí kó fi okùn hun ojú ìdè dípò irin.

Ẹ jẹ́ ká sín ọ̀kan pọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tó ní àsorọ̀, ìyẹn àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, bí owó ẹyọ, ẹ̀dà ọkàn, lẹ́tà orúkọ, agogo kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ọ́ bí àṣà tuntun. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ṣaworo ti ń dún lẹ́sẹ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn ère ìbejì.

Fi okùn wọn ọrùn ọwọ́ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ká sọ pé ó jẹ́ ínṣì mẹ́fà àbọ̀. Fi ààbọ̀ ínṣì kún un kó lè mí, ó di méje. Ìkọ́ àti òrùka tó ń kọ́ á gba bí ínṣì kan nínú rẹ̀. Mẹ́fà tó kù ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Bí o bá ń lo ẹyọ tó fẹ̀ ní mìlímítà 8, tí o sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sáàárín méjì-méjì, bí ẹyọ ńlá 15 ló máa gbà. Má fojú kéré àwọn wẹ́wẹ́ yẹn, wọn kì í ṣe ẹwà lásán: àwọn ni kò jẹ́ kí gíláàsì ńlá máa kan gíláàsì ńlá kí ẹnu ihò wọn má baà fọ́.

Tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì kí ẹyọ má baà máa yí lọ. Kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ jáde, kí o sì ṣà wọ́n. Iṣẹ́ tí mi ò ṣe ní ọjọ́sí nìyí, ìdí nìyẹn tí ojú fi tì mí ní Òkè-Àgbò. Mú okùn òwú lásán, ki í bọ inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fà á síwá fà á sẹ́yìn ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹyọ tó bá mú òwú ní irun, jù ú sọ́tọ̀. Èyí tó bá wù ọ́ gan-an tí o kò fẹ́ jù nù, ká sáńdípépà tó kúnná rìbìtì bí abẹ́rẹ́, rẹ ẹ́ sínú omi, kí o fi yí ẹnu ihò rẹ̀ títí á fi yọ̀. Omi ṣe pàtàkì, kí o má baà fa ekuru gíláàsì sí imú. Nínú ìdì kan tí mo bá rà, ó ṣọ̀wọ́n kí n má rí ẹyọ tí mo máa jù sọ́tọ̀.

Gé okùn tó tó ogún ínṣì, kí o ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Okùn tó nípọn ní mìlímítà 0.4 á gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ mọ́ òrùka, lẹ́yìn náà sín ẹyọ kan ńlá, kan kékeré, kan ńlá, kan kékeré. Gbogbo ẹyọ kẹta tàbí kẹrin, so àsorọ̀ kan. Òrùka wáyà kékeré ni a fi ń so ó, a kì í sì í fa ẹnu rẹ̀ ya sọ́tùn-ún sósì. Fi pláyà méjì mú un, kí o ti ẹnu kan síwájú, kí o fa èkejì sẹ́yìn. Bí o bá yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní padà sí rìbìtì mọ́, okùn á sì gba àlàfo yẹn yọ.

Èyí tó wúwo jù nínú àsorọ̀, fi í sí ọ̀kánkán ìkọ́, ní òdìkejì. Ohun tó wúwo jù ló máa ń lọ sísàlẹ̀ ọwọ́. Bó bá jẹ́ ìkọ́ ló wúwo, òun ni yóò máa bọ́ síwájú, àsorọ̀ rẹ á wà lẹ́yìn níbi tí ẹnìkan kò ti ní rí i.

Nígbà tí o bá sín in tán, má tíì pa ẹnu rẹ̀ dé. Fi gọ́ọ̀mù bébà lẹ ẹnu okùn, gbé e kọ́ ìṣó, jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Okùn ike máa ń fà gùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó fà kó tó dọ́wọ́ oníbàárà. Lówùúrọ̀, fà á kí àwọn ẹyọ súnmọ́ra, ṣùgbọ́n fi àyè tó ìwọ̀n ẹyọ wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fún un pa, wọ́n rò pé ìyẹn ni agbára. Ìlẹ̀kẹ̀ tó fún jù kò lè tẹ̀ yí ọwọ́ ká; bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tipátipá, gbogbo ẹnu ihò á jọ máa gé okùn. Kókó kan kò tó fún okùn ike, ó ń yọ̀. Nínú ìdè àkọ́kọ́, lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fà á, tún dè é lẹ́ẹ̀mejì sí i lórí rẹ̀, kán gúlú díẹ̀ sí i. Kí o wá dá ẹnu okùn padà sínú ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí o tó gé e. Bí kókó bá tiẹ̀ tú, àwọn ẹyọ wọ̀nyẹn á ṣì dì í mú.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìlànà kan náà ni, iye ló yàtọ̀. Ìdí ínṣì 36, tí a bá fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà méjì sín in, ẹyọ rẹ̀ lé ní 450 fún okùn kan ṣoṣo. Ẹ ronú sí i: ẹnu ihò tó lé ní 900 ló yí okùn kan ká. Nítorí náà ni mo ṣe ń so kókó sáàárín ní gbogbo bí ínṣì mẹ́fà, pé bó bá já níbì kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò dà sílẹ̀.

Ní ti wíwọ̀, àgbà ló mọ ìtumọ̀ àwọ̀ nínú ilé rẹ̀. Pupa àti funfun ni a mọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣàngó, funfun báláú mọ́ olóòṣà Ọbàtálá, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ ọwọ́ babaláwo. Ẹni tó bá ń sín fún títà gbọ́dọ̀ mọ èyí kó má baà fi nǹkan ẹlẹ́sìn ṣe ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí kò bèèrè. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) bá ń kọjá níwájú ilé Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ẹ wo ọrùn àti ọwọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kan, àwọ̀ kan, fìlà àti gèlè pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ bára mu. Láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń wọlé fún àwa tó ń sín.

Òfin kan ni mo mú le: aṣọ ni à ń kọ́kọ́ wọ̀, òróró àti lọ́fínńdà tẹ̀lé e, ìlẹ̀kẹ̀ ló kẹ́yìn. Nígbà tí a bá délé, òun ni a óò kọ́kọ́ bọ́. Gíláàsì kò ní kú nítorí lọ́fínńdà, ṣùgbọ́n ó ń ba òwú jẹ́, ó sì ń ba àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi fàdákà pa nínú ihò jẹ́, wọ́n á dúdú bí eyín ẹni tó ń mu tábà. Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sùn lóru tí ẹ bá ń rí ojú okùn níta.

Fún ọmọ ọwọ́, ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni mo ń sọ: ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni ìyá ń fi mọ̀ pé ọmọ ń sanra, nítorí okùn tó ń rọ̀ lánàá á wá fún un. Ìyẹn dára, bí ìyá bá ń wò ó lójoojúmọ́ tó sì ń tú u kó tó gé ọmọ lára. Àmọ́ tọrùn àti tọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sọ́mọ tó ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Ẹyọ kan tó já lè há a lọ́fun, àwọn gíláàsì kan sì ní òjé nínú. Ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ tàbí X-ray náà á bọ́ ti rẹ̀, nítorí gíláàsì máa ń hàn lójú àwòrán. Mo ti rí obìnrin tó ń sunkún nítorí pé ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìkọ́ sí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí mo bá sín, àyàfi bí ẹni tó ni ín bá kọ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gan-an. Má da omi gbígbóná lé e lójijì, gíláàsì á sán. Má fi Hypo kàn án. Má sì fi eérú tàbí iyanrìn bó o bí ẹni fọ ìkòkò: iyanrìn le ju gíláàsì lọ, á ha á lójú títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Bó bá jẹ́ òwú ni wọ́n fi sín in, má rì í sómi, aṣọ tútù ni kí o fi nù ún. Tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura nínú òjìji. Má gbé e kọ́ kó tó gbẹ, omi á rọ̀ sójú kan, ìwúwo á fa okùn gùn. Jẹ́ kó gbẹ dé inú ihò, ó lè gbà tó ọjọ́ kan gbáko nígbà òjò, kí o tó ká a sínú àpò aṣọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, kí ìkọ́ ọ̀kan má baà ha èkejì.

Kí o sì tún un sín. Èyí tí ò ń wọ̀ lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ti òde, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bó bá jẹ́ pé inú àpótí ló wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bínú tí mo bá sọ èyí, wọ́n rò pé owó ni mò ń wá. Owó okùn kò tó nǹkan. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni, ẹyọ kan náà, ọrùn kan náà.

Mo tún ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó Òkè-Àgbò sín láìgbowó. Àwọn ọmọdé ṣa púpọ̀ wá, àwọn kan kò padà. Ẹyọ mẹ́sàn-án ló ní ẹnu tó fọ́. Mo kó wọn sínú ìgò kékeré kan tó wà lórí tábìlì mi títí dòní, ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́ ló wà. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, mo á kọ́kọ́ da ọ̀kan sí i ní àtẹ́lẹwọ́, mo á fún un ní òwú, mo á ní kó fà á síwá, kó fà á sẹ́yìn, kó máa kà á.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹni tó kà á dé ogún kí òwú tó já.